Ta Ló Rán Ṣòkòtò Ọkọ Mi?

Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun. Sùtánà funfun ni mo ń rán fún àwọn ìjọ Aládùúrà ní Òkè-Sopẹ́n, Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti jókòó sídìí maṣíìnì. Bí ẹ bá kó aṣọ mẹ́wàá síwájú mi, mo lè sọ fún yín pé ọwọ́ mẹ́ta ló rán wọn, mo sì lè sọ èwo nínú àwọn mẹ́ta náà ló ń kánjú.

Ìmọ̀ yìí ni mo fi tú ilé mi ká.

Mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Ẹni tó bá ní àánú lọ́wọ́, kó fi pamọ́ de obìnrin kan tí mo máa dárúkọ rẹ̀ níwájú.

Gbémi lorúkọ mi. Jedidiah, ọkọ mi, tíṣà ni, ọmọ ilé Mẹ́tọ́díìsì, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Ọlọ́run pẹ́ kó tó dá wa lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tó dá wa lóhùn, ó fún wa ní mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Ìmísíolúwa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, Dámiláre jẹ́ márùn-ún, Ògoolúwa ṣì ń rákò.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí ilé-ìwé kan ní Ogun Waterside, ní ìlú kékeré kan létí omi, lẹ́yìn Ìbíadé. Láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ ó wọkọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó wọ òmíràn gba oríta J4, lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà yóò máa fi yín wọ́ inú ẹrọ̀fọ̀. Kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ó gba yàrá kan síbẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló ń wálé, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ló ń padà.

Àsìkò ìkórè ni ṣòkòtò rẹ̀ ya, ọ̀kadà ló fà á ya láàárín ìtan. Aṣọ oníbàárà sì ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí òkìtì ọ̀gán.

"Gbémi, jọ̀ọ́, bá mi fi ọwọ́ kan èyí."

"Ẹ gbé e sórí àwọn yòókù, Bàbá Ìmísí."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún bèèrè. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wọ́n ní ọmọ alátẹ kì í jẹ èyí tó dára. Èmi ọkọ télọ̀, àkísà ni tèmi." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré la ń ṣe. Ó ká ṣòkòtò náà sínú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo yí inú ṣòkòtò yẹn síta. Ọwọ́ mi dúró nínú ọṣẹ.

Wọ́n ti rán an.

Kì í ṣe maṣíìnì. Ọwọ́ ni. Ojú rírán wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀léra bí ìjàlọ, òwú tó bá aṣọ mu rẹ́gí, wọ́n sì fi ìdí òwú pamọ́ sínú bí ẹni tí wọ́n kọ́ tó gbọ́. Mo mọ àwọn télọ̀ ọkùnrin. Bí ẹ bá gbé irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n á kàn fi maṣíìnì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á jù ú fún yín. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, ẹni tó bá fi irú sùúrù yìí rán àárín ìtan ọkùnrin, kì í ṣe ẹni tó kàn ń kí i ní ẹ káàárọ̀.

Mo wọlé. Ó ń jẹun lọ́wọ́.

"Bàbá Ìmísí, ta ló rán ṣòkòtò yín?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin bí i ta?"

"Èmi náà ni, Gbémi. Wọ́n kọ́ mi ni." Ojú ń tì í díẹ̀, bí ọmọdé tó gba ipò kìíní tí kò fẹ́ fọ́nnu.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ni. Àǹtí Shukurat. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé, oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán."

Orúkọ obìnrin ti jáde. Mi ò gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e mọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò lè so bọ́tìnnì ara yín! Ẹ̀yin tí mò ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra!"

Ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa. Mú abẹ́rẹ́ wá, kí n rán an lójú ẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, àpótí abẹ́rẹ́ mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Kò ju kí n bẹ̀rẹ̀ mú un lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní nǹkan kan láti kọ sí yín lónìí.

Mi ò bẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé."

Ó fọwọ́, ó jáde lọ bá àwọn ọmọ níta.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kò wálé. Ó ní àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Mo pè é, kò lọ. Mo tún pè é, ó gbé e, mo sì gbọ́ ẹ̀rín obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Yàrá àwọn tíṣà ni mo wà, Gbémi. A pọ̀ níbí."

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

Ó mí kanlẹ̀. "Màá pè ẹ́ padà." Ó pè mí padà lóòótọ́. Èmi ni mi ò gbé e.

Ọkàn kan ní kí n lọ bá alábòójútó ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọn, àgbàlagbà tó mọ Jedidiah láti kékeré. Ọkàn kejì ní, wọn ò ní gbè mí níbẹ̀, ọmọ wọn ni. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí. Bí mo tilẹ̀ ń bá ọkọ mi lọ sí tiwọn ní ọjọ́ Àìkú, ìsìn Ọjọ́rú kò yẹ̀ lórí mi nílé àdúrà wa. Ibẹ̀ ni mo gbé ẹjọ́ mi lọ.

Ọjọ́ Ajé ni mo lọ bá Màmá Ọmọ́títí, ìyá àdúrà wa. Mo kúnlẹ̀, mo tú gbogbo rẹ̀ fún wọn: ìlú etí omi, obìnrin tó ń rán aṣọ, ṣòkòtò ọkọ mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kó má dé etí ẹnì kankan o."

"Èmi kẹ̀? Gbémi! Ibojì lẹnu mi."

Ní Ọjọ́rú, a ń kọrin lọ́wọ́ ni ẹ̀mí gbé Adépéjú, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń ríran nínú ìjọ wa. Ó ń gbọ̀n, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán janlẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà ibi tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Ìyá kan ń bẹ níbí! Ọkọ rẹ̀ ń bẹ létí omi! Mo rí obìnrin kan tó mú abẹ́rẹ́ dání, ó ń rán ọkọ rẹ mọ́ ara rẹ̀! Ìyá, ó ti rán an dé àyà! Dìde kó tó so ìdí òwú!"

Akọ̀wé ìran kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó fa ewé ìwé náà ya fún mi, mo ki í sínú Bíbélì mi. Mo ń sọ fún ara mi pé, ta ló sọ fún un, bí kì í bá ṣe Ẹ̀mí Mímọ́?

Ẹ̀yin ti mọ ìdáhùn. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Inú ilé Màmá Ọmọ́títí ni Adépéjú ń gbé, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀. Mi ò sọ pé ó purọ́ o. Mo rò pé ó gbọ́ ọ, ó gbàgbé pé òun gbọ́ ọ, ó wá rí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló yípo padà wá bá mi, mo sì wólẹ̀ fún un bí ohùn Ọlọ́run.

Màmá Ọmọ́títí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. "Má bá a jà nílé, yóò jiyàn. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó o lọ ká wọn mọ́ ibẹ̀. Kó àwọn ọmọ dání. Ọkùnrin tó bá rí ojú ọmọ rẹ̀ níwájú àlè, ara rẹ̀ á domi."

Mo gba ààwẹ̀. Ìdánwò kò jẹ́ kí ọkọ mi wálé lọ́sẹ̀ yẹn náà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wọ aṣọ ìmúròde fún àwọn ọmọ, mo pọn Ògo, mo ki ṣòkòtò yẹn sínú báàgì, a sì gbéra.

Ìmísí ń bi mí nínú ọkọ̀, "Màmá, ṣé ọjọ́ ìbí Dádì ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Nǹkan bí aago mọ́kànlá la débẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń ṣeré níta. Mo bèèrè Àǹtí Shukurat, wọ́n sì nàka sí obìnrin kékeré kan tó so hìjáàbù, tó ń wọn èjìká ọmọbìnrin kan níwájú kíláàsì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Ṣé ọmọ yín lẹ̀ ń wá?"

"Ọkọ mi ni mò ń wá. Ìwọ lo rán an mọ́ra."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò gbọ́?"

Èmi tí wọ́n ń pè ní jẹ́jẹ́ ilé àdúrà, ẹ wá gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu mi jáde. Alágbèrè. Olè. Wọ́n ń kọ́ ọ ní kéwú, o fi ń kó ọkọ ọlọ́kọ. Mo ń pariwo, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń sáré bọ̀, àwọn ọlọ́kadà ń na ọrùn lórí fẹ́ǹsì. Mo fa ìwé ìran náà yọ, mo sì kà á sókè ketekete. Ògo bú sẹ́kún lẹ́yìn mi. Dámiláre náà tẹ̀lé e.

Ọkọ mi sáré jáde láti kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbémi! Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Ilé mi ló kú!"

Ìmísí já mọ́ mi lọ́wọ́, ó sáré lọ dì mọ́ ọn nítan. "Dádì, ẹ kú ọjọ́ ìbí."

Jedidiah wo ọmọ náà, ó wò mí. Ẹ̀mí mi kò tíì kúrò níbi ìwò yẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì tán. Mo fa ṣòkòtò yọ, mo gbé e sókè lójú gbogbo wọn. "Ta ló rán èyí? Ẹ sọ ọ́ níbí! Ẹ sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ yín!"

Ọmọbìnrin tí wọ́n ń wọn lẹ́ẹ̀kan dáhùn. "Sà fúnra wọn ni, mà. Àwa la jọ kọ́ ọ. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí."

"Abẹ́rẹ́ gún wọn!" ni òmíràn wí. "Gbogbo wa fi wọ́n rẹ́rìn-ín!"

"Wọ́n ní ìyàwó àwọn ń ṣiṣẹ́ jù, àwọn ò fẹ́ máa yọ ọ́ lẹ́nu!"

Ẹnì kan ti sáré wọ kíláàsì, ó mú àkísà funfun kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Òwú dúdú ni wọ́n fi rán orúkọ Jedidiah sí i lára. Lẹ́tà àkọ́kọ́ wọ́ bí ẹsẹ̀ akàn. Ìkejì sàn díẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ìparí, ojú rírán ti wẹ́wẹ́, ó tò tẹ̀léra bí ìjàlọ, ìdí òwú sì fara pamọ́ sínú.

Mo mọ ọwọ́. Ẹ má gbàgbé pé mo mọ ọwọ́. Ọwọ́ kan náà ni.

Ilẹ̀ kò lanu.

Ìròyìn kì í dúró gbọ́ ìparí ara rẹ̀. Ọlọ́kadà kan ti gbé ìdajì àkọ́kọ́ lọ sí etí omi, níbi tí Múrítàlá, ọkọ Shukurat, ti ń tu ọkọ̀ èrò. Ó dé pẹ̀lú ṣòkòtò tó ká sókè dé orúnkún, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Shukurat sáré gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí!"

Mo sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, mo ní àṣìṣe ni, èmi ni mo ṣe é, ìyàwó rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Múrítàlá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo ọmọ ẹ̀yìn mi, ó wo Dámiláre tí ikun imú ń ṣàn.

"Ìyá," ló wí, "obìnrin tó gbéra láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé ibí pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, kò lè gbéra lásán."

Kò sí ohun tí mo sọ tó yí i lọ́kàn. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ti da ẹrù Shukurat síta. Ó gba ọmọ méjèèjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ò ju ọdún mẹ́ta lọ.

Ọkọ mi sìn wá dé ibi ọ̀kadà. Òun ló gbé Ògo. Ọlọ́kadà ṣáná, ó sì yíjú sí mi. Bí inú bá bà á jẹ́ ni Ìjẹ̀bú máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Mẹ́ẹ̀ ṣe é, Gbémi. Mo ní kó o mú abẹ́rẹ́ wá."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó wálé. Àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó, alábòójútó ìjọ wọn náà wà níbẹ̀. Mo dojú bolẹ̀. Mo sunkún, mo bẹ̀ wọ́n.

"Mo ti dárí jì í," ni Jedidiah wí.

Alábòójútó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ó ti tán nìyẹn."

"Kò tán, Bàbá. Mo dárí jì í, ó tọkàn mi wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá pajú dé, ẹ̀rín tó fi mí rín lọ́jọ́ yẹn ni mò ń gbọ́. Àti pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ní ilé mọ́ nítorí pé ó kọ́ mi ní abẹ́rẹ́. Èmi ni mo jẹ ẹ́ ní gbèsè, nítorí ìyàwó mi ló ṣe é."

Ó fẹnu ko àwọn ọmọ lórí, ó sì lọ. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ló ń pè wọ́n. Kò gbàgbé wọn rí. Èmi ni kì í bèèrè.

Mo padà lọ bá Màmá Ọmọ́títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀mí kì í purọ́. Àfi bóyá o ò gba ààwẹ̀ yẹn pé." Mo dìde, mo lọ sílé. Mo ṣì ń lọ sílé Ọlọ́run, ẹ̀yìn pátápátá ni mò ń jókòó sí, bí ìran bá sì ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń gbé Ògo jáde síta.

Èyí tó burú jù kò tíì dé.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Jedidiah kó àgbààgbà lọ bẹ Múrítàlá nítorí Shukurat. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lé wọn padà. Ó bá a wá yàrá sí Ìbíadé. Ó ń lọ wò ó bóyá ó jẹun. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹni méjì tí ìyà kan náà jẹ ṣe ń rí. Nígbà tó di bí ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, Ìmísí ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ìsinmi, irun rẹ̀ dì rẹ́gírẹ́gí.

"Ta ló dirun fún ẹ?"

"Àǹtí Shukurat. Wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú Dádì báyìí. Màmá, wọ́n ṣèèyàn o."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ohun tí mò ń bẹ̀rù nígbà yẹn, kò sí lórí ilẹ̀ ayé. Èmi ni mo gé e, èmi ni mo rán an, èmi ni mo gbé e wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má fura. Ọkọ mìíràn wà tó tọ́ kí èèyàn fura sí. Ohun tí mo lè sọ kò ju pé, bí ẹni tẹ́ ẹ fura sí bá ní òun fẹ́ fi hàn yín, ẹ jókòó, kí ẹ wò ó. Ọlọ́run ti dá mi lóhùn nílé mi, láti ẹnu ọkọ mi, kí n tó lọ máa wá ohùn rẹ̀ kiri.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé sùtánà lọ fún oníbàárà kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo dúró ní gáréèjì, mò ń wá ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo gbójú sókè, Shukurat ló dúró lódìkejì, ọmọ jòjòló lẹ́yìn rẹ̀, báàgì ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kàwé kún ìwé ní yunifásítì wọn níbẹ̀.

Mo sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò mọ̀gbà tí orúnkún mi kanlẹ̀, nínú eruku, lójú èrò.

"Ẹ dìde, Màmá Ìmísí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ẹ dárí jì mí."

Ó gbé mi dìde. Ọwọ́ rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. "Lọ́jọ́ tí ẹ wá yẹn, mi ò bá ọkọ yín sọ kọjá iṣẹ́ ilé-ìwé rí. Mi ò jí wọn lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ kó wọn lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ilé-ìwé."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ń tọ́jú mi. Mi ò lè purọ́." Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀n. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi méjèèjì ń bẹ lọ́dọ̀ bàbá wọn. Wọn ò jẹ́ kí n rí wọn. Èyí àbúrò ti gbàgbé ojú mi, ó sá fún mi lọ́jà. Ẹ̀yin tí ẹ lè gba ohùn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ṣé ẹ lè bá mi gbà wọ́n padà?"



Ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ti fẹ́ kún, kọ̀ńdọ́ ń pariwo pé ó ku ẹnì kan. Shukurat wọlé, ó sì gbé ọmọ náà wá síwájú kó tó jókòó. Ìgbà yẹn ni mo rí ojú rẹ̀ dáadáa. Imú Ògo ni. Iwájú orí Dámiláre ni. Ó nawọ́ sí mi láti ojú wíńdò, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, bí gbogbo àwọn ọmọ mi ṣe máa ń ṣe sí ẹni tí wọn ò mọ̀.